Sí Àbúrò Mi Tó Ń Kọ Ìwé Ìràwọ̀

Mojírayọ̀, ọ̀kun o.
Ìwé rẹ dé Ìsánlú lọ́jọ́ Ẹtì,
nínú àpò kajú tó ṣófo, lọ́wọ́ awakọ̀ Kàbà
tí kò mọ̀ pé odidi ìlú lòun gbé wá,
ìlú tó ní òṣùpá méjì, tí kò lómi.
Mo kà á nídìí òṣùwọ̀n, láàárín oníbàárà kan sí èkejì,
ìka mi dúdú fún oje kajú.
Mo ti fi àbàwọ́n sí ojú ìwé kọkànlélógún.
Má bínú.

Wọ́n ní o kàn rò ó ni.
Ọkùnrin kan lórí rédíò Lọ́kọ́ja
ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹnìkan ò tẹ̀ rí lo ti mú ìtàn náà wá.
Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n fi mì.
Ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ lábẹ́ ilẹ̀ yẹn,
tó wú u lẹ́ẹ̀mẹta, tó dákẹ́, tó tún wú u lẹ́ẹ̀kan
bí ẹni gbàgbé nǹkan tó padà wá mú un,
ṣé n ò mọ ikọ́ Bàbá ni?
Ogún ọdún nínú kùsà Jọ́ọ̀sì:
gbogbo ẹrù rẹ̀ la sọ̀ nínú ọkọ̀,
eruku nìkan ni kò sọ̀.

Àwọn arúgbó tó ń hun ọ̀nà sójú òfurufú,
òwú wọn pupa, wọn kì í já a
àfi bí òkú bá ti kọjá tán,
Ìyá àgbà ni, ará Bùnú,
nídìí òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri,
tí kì í dá wa lóhùn bó bá ń ka fọ́nrán.

Àwọn ẹ̀dá tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ràn ńkọ́,
tó ń gun àpáta lálaalẹ́ láti gbọ́ ìró ilé?
Èmi àti ìwọ ni.
A na fóònù kékeré yẹn sókè bí ẹni ń tọrọ òjò,
ẹsẹ̀ wa ń yọ̀ lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ká lè gbọ́ Ọmọniyì láti Kàdúná.
Ó ń já, ó ń so.
“Mò ń bọ̀... bó bá di Sátidé... ẹ má...”
Ẹ má kí ni?
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń parí gbólóhùn yẹn.
Ẹ má sùn. Ẹ má ti ilẹ̀kùn.
Nígbà tí inú bá bí mi: ẹ má dúró dè mí.

Mo wá dé ojú ìwé igba ó lé mẹ́rin.
Ọkọ̀ òfurufú tó pẹ́ lọ́dún mọ́kàndínlógún balẹ̀,
ọmọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́,
kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní:
“Mo ní ẹ má jẹ iṣu tán.”

Mojírayọ̀.
Òun gan-an nìyẹn. Kí ló tún lè sọ?
Oníbàárà bi mí pé kí ló dé,
mo ní oje kajú ló ta sí mi lójú.

Ohun kan ṣoṣo lo ṣì:
ìta ni ilẹ̀kùn wa ń ṣí sí, kì í ṣe inú.
Bóyá o mọ̀ọ́mọ̀ ni,
kó má baà gbá ẹni tó ń wọlé.

Mo ka díẹ̀ sí Ìyá létí. N ò ka ibẹ̀ yẹn.
Ó ní kí n bi ọ́ léèrè:
ìlú tí kò lómi yẹn, kí ni wọ́n fi ń ro ọkà?
Mo ní o máa fi odò sí ìwé tó ń bọ̀.
Nítorí náà, fi odò sí i.

Owó kajú já wálẹ̀ lọ́dún yìí.
Iṣu rẹ wà lájà.